Àgbà Ìjẹ̀bú-Òde tó wà lẹ́yìn odi: ohun tó ń fà wọ́n wálé, ohun tó ń lé wọn padà

Ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, tí í ṣe ọjọ́ ayẹyẹ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ènìyàn kì í rí ibi gbé ọkọ̀ sí láti Fọlágbadé dé ojú ààfin. Àwọn tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, tí wọ́n ń gbé Surulere, Peckham tàbí Houston, jókòó lábẹ́ àtíbàbà pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́ lọ́rùn, wọ́n ń fi orúkọ ìgbà èwe pe ara wọn. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ karùn-ún, púpọ̀ nínú àwọn ilé alájà tí wọ́n kọ́ sílé ti padà wà ní títì. Ẹ ó rí àgádágodo lára géètì, wọ́n á ti fi ọ̀rá dúdú wé e kí òjò má baà mú un dípatà. Ẹ wo ọ̀rá yẹn dáadáa. Ẹni tó bá fi ọ̀rá wé àgádágodo ti mọ̀ pé òun kò ní í tètè dé.

Ìlú tó lè kó ọmọ rẹ̀ jọ báyìí lọ́jọ́ kan ṣoṣo lọ́dún ti ṣe iṣẹ́ ńlá. Ohun tó kù ni kí ọjọ́ kan yẹn di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sì di ibùgbé. Bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò láti ẹ̀gbẹ́ ilé, ti owó ìfẹ̀yìntì àti ti ìlera, ohun kan náà ló ń yọjú: ayẹyẹ kọ́ ló ń mú àgbà wálé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Àwọn ẹgbẹ́ tó pè é wá síbi ayẹyẹ náà kì í sì í pè é mọ́ tí ayẹyẹ bá parí. Ibẹ̀ ni okùn ti ń já.

Bí wọ́n ṣe lọ

Ọmọ Ìjẹ̀bú kì í jókòó sójú kan, òwò kò jẹ́. Kí Òyìnbó tó ṣẹ́gun wọn ní Ìmàgbọn ní 1892, àwọn ló di ọ̀nà òwò mú láàárín etí òkun àti òkè. Lẹ́yìn ogun náà ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ọmọ tiwọn náà sì gba ọ̀nà yẹn jáde. Rélùwéè tí wọ́n là láti Èkó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Kò ya Ìjẹ̀bú-Òde. Ní 1913 wọ́n dá Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ náà àti àwọn tó tẹ̀ lé e tọ́ ọmọ tó mọ̀wé ju iye tí ìlú lè fún níṣẹ́ lọ. Èkó gba èyí tó pọ̀ jù, London gba àwọn mìíràn. Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà pàápàá, ìlú Òyìnbó ló wà tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó nígbà tí wọ́n ní kó wálé wá jọba. Wọ́n fi í jẹ Awùjalẹ̀ ní 2 oṣù Kẹrin 1960, ó sì lo ọdún 65 lórí ìtẹ́ kó tó wàjà ní 13 oṣù Keje 2025.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn níbí ni àwọn tó jáde láàárín 1960 sí 1985. Wọ́n ti di ẹni 65 sí 85. Púpọ̀ nínú wọn kọ́lé sílé nígbà tí ọwọ́ wọn ṣì gbóná, nítorí ojú ń ti ọmọ Ìjẹ̀bú tí kò bá ní òrùlé kankan nílé. Ẹ rántí èyí dáadáa: ilé ti wà nílẹ̀. Àwọn ìlú mìíràn níláti kọ́ kí ẹnikẹ́ni tó padà wá. Ti Ìjẹ̀bú-Òde, ilé wà, onílé ni kò sí níbẹ̀.

Ohun tí régbérégbé ń ṣe tí ìwé ìpè kò lè ṣe

Àwọn tí ọjọ́ ìbí wọn bọ́ sáàárín ọdún mẹ́ta síra wọn ló ń wà nínú ẹgbẹ́ kan, òun ni à ń pè ní régbérégbé, Awùjalẹ̀ ló sì ń fún wọn lórúkọ: Gbọ́baníyì, Bọ́bagùntẹ̀, Bọ́bakẹ́yẹ, Bọ́bagbìmọ̀, Jagunmólú àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ti ọkùnrin wà, ti obìnrin wà, Gíwá ló ń ṣe olórí wọn. Ètò náà ti ń kú lọ kí Ọba Adétọ̀nà tó jí i dìde ní àwọn ọdún 1970. Ojúde Ọba ti wà ṣáájú ìyẹn. Àwọn Mùsùlùmí ìlú ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọba pé ó gbà wọ́n láàyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn, tí àwọn ìdílé Balógun bíi ti Kúkù sì ń gun ẹṣin wá. Nígbà tí régbérégbé wọ inú rẹ̀ ló di ohun tó ń mú àwọn tó wà lókèèrè ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú.

Ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ rọrùn, ó sì yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ fa àgbà wálé kọ́ ọ. Wọ́n mọ ọjọ́ náà ṣáájú. Wọ́n á mú aṣọ, wọ́n á sọ iye rẹ̀, ẹni tó wà lókèèrè á fi owó àti ìwọ̀n rẹ̀ ránṣẹ́. Akọ̀wé á tún pè é nítorí owó oúnjẹ, á pè é nítorí àga, á pè é bóyá ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀. Kí ó tó wọ ọkọ̀ òfurufú, wọ́n ti pe orúkọ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún, ẹni tó ń pè é sì mọ ìgbà tó ń sá kúrò ní kíláàsì. Ní London, nọ́ọ̀sì ń fi orúkọ bàbá rẹ̀ pè é, ó sì ń ṣì í pè. Ìyàtọ̀ yìí ló ń gbé àgbà dìde lórí àga. Ìpolówó orí rédíò kò lè ṣe é.

Ẹ̀rí sì wà pé ẹgbẹ́ ìlú lè ṣe ju aṣọ lọ. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje ṣe aṣáájú ètò tí ìlú gbé kalẹ̀ láti dín ìṣẹ́ kù ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ ìlú nílé àti lẹ́yìn odi ni wọ́n ké sí, wọ́n sì dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ tó ń yá àwọn ènìyàn lówó òwò. Ọwọ́ kan náà lè mú ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tó ń bọ̀ wálé.

Ilé tó ti dùbúlẹ̀

Ilé tí ènìyàn kọ́ ní 1988, tó ń sùn nínú rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́rin lọ́dún, kì í ṣe ilé tí ẹni 72 lè wọ̀ báyìí báyìí. Páànù á ti jẹ níbi ìṣó, òjò á sì ti bọ́ sórí sílìn. Ikán á ti gba igi òrùlé láti ibi tí ògiri ti kan án. Ẹ fi ìdí òòlù kan igi náà, bí ó bá dún bíi páálí, ó ti tán. Ihò ṣaláńgá tí kò gba omi fún ọdún mẹ́wàá máa ń gbẹ kankan. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí lo ilé ìwẹ̀ méjì lójoojúmọ́, ẹ̀gbin á jáde láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, gbogbo ènìyàn á sì rò pé púlọ́ńbà ló bà á jẹ́. Rọ́bà inú ẹ̀rọ omi á ti le. Wáyà iná tí wọ́n fà nígbà tí fíríìjì kan ṣoṣo wà nínú ilé á gbóná tí wọ́n bá so ẹ̀rọ amúlétutù méjì mọ́ ọn.

Èyí tó ń dá wa lóró jù ni yàrá. Nínú ilé alájà ìgbà yẹn, yàrá onílé wà lókè, ilé ìwẹ̀ rẹ̀ wà lókè, àtẹ̀gùn sì ga: 18 sí 20 sẹ̀ǹtímítà ní ìgbésẹ̀ kan, kò sí irin tí a lè dì mú. Ẹni tí eékún ń dùn á sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, kò sì ní í padà gòkè títí di alẹ́. Ẹ má tún ilé náà ṣe láti òkè wá sílẹ̀. Ẹ yan yàrá kan nísàlẹ̀, èyí tó sún mọ́ ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, kí ẹ sì fi ilé ìwẹ̀ kan mọ́ ọn. Kí ìlẹ̀kùn fẹ̀ tó 90 sẹ̀ǹtímítà, kí kẹ̀kẹ́ aláìsàn lè gbà á lọ́jọ́ kan. Kí ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ má ní ìdènà lẹ́nu ọ̀nà, kí táìlì rẹ̀ jẹ́ èyí tó rí págunpàgun tí kì í yọ̀. Irin ìdìmú méjì, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìgbẹ́, ọ̀kan níbi ìwẹ̀, kí wọ́n kàn án mọ́ bíríkì, kì í ṣe mọ́ táìlì lásán. Táìlì nìkan á já pẹ̀lú ènìyàn. Bí owó bá kù lẹ́yìn èyí, ẹ lọ wo òkè.

Ti iná: ilé iṣẹ́ iná Ìbàdàn ló ń fún Ìjẹ̀bú-Òde níná. Láti oṣù Kẹrin 2024, àwọn tó wà ní Band A ló yẹ kó máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́ ó kéré tán, wọ́n sì ń san owó tó ga. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ béèrè Band tí àdúgbò yín wà, kí ẹ sì tún béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò, nítorí ohun tó wà lórí ìwé kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ohun tó wà lórí wáyà. Fún tọkọtaya kan, ìṣirò alẹ́ kan rí báyìí: fáànù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 60 wọ́ọ̀tì fún wákàtí 10 jẹ́ 1,200, fíríìjì kékeré tó ń lo bíi 75 ní àròpín fún wákàtí 12 jẹ́ 900, gílóòbù márùn-ún onímẹ́sàn-án wọ́ọ̀tì fún wákàtí mẹ́fà jẹ́ 270, tẹlifíṣọ̀n 100 wọ́ọ̀tì fún wákàtí mẹ́rin jẹ́ 400. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2,770 wọ́ọ̀tì-wákàtí. Bátìrì lithium 5 kílówọ́ọ̀tì-wákàtí, tí ẹ bá lo ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀, yóò gbé e dé òwúrọ̀ pẹ̀lú ìyókù. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan nínú ilé bá ń lo ẹ̀rọ atẹ́gùn fún mímí lóru, nǹkan bí 350 wọ́ọ̀tì ni, wákàtí 10 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba bátìrì kejì tán fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ sólà kì í béèrè ìbéèrè yìí. Àwọn ọmọ tó wà lókèèrè ló yẹ kó sọ fún wọn.

Owó ìfẹ̀yìntì: ohun tó ń bá a wálé, ohun tó ń dúró lẹ́yìn

Ẹni tó ń ti Èkó bọ̀ kò ní ìṣòro púpọ̀ níbí. Bí ó bá wà lábẹ́ ètò onídàápọ̀ tí òfin 2004 dá sílẹ̀, tí ti 2014 sì rọ́pò, owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì, á sì máa bọ́ sí báǹkì níbikíbi tó bá wà. Bí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ àtijọ́ tí PTAD, àjọ tó ń san owó ìfẹ̀yìntì ètò àtijọ́, ń san fún, kò nílò láti máa wọ mọ́tò lọ fojú hàn mọ́. Ó lè fi kámẹ́rà fóònù jẹ́rìí pé òun wà láàyè. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni orúkọ tí kò bára mu lórí NIN, BVN àti ìwé iṣẹ́. Kí ó tún un ṣe kó tó kó kúrò ní Èkó.

Ti ìlú Òyìnbó ló le, àwọn tó ń pe àgbà wálé kì í sì í mẹ́nu bà á. Ẹ jẹ́ kí á fi tọkọtaya kan ṣe àpẹẹrẹ, ọkọ jẹ́ ẹni 70, ìyàwó jẹ́ ẹni 67, ọkọ ti ṣiṣẹ́ tó ọdún 35 tó fi ní owó ìfẹ̀yìntì ìjọba ní kíkún. Ní ọdún ìṣúná 2025/26, owó náà jẹ́ £230.25 lọ́sẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yóò máa san án fún un ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọn kì í fi kún un fún. Bí ó bá kó wálé ní oṣù Kẹwàá 2025, £230.25 náà ni yóò máa wọlé lọ́dún dé ọdún. Ní oṣù Kẹrin 2026, ẹgbẹ́ rẹ̀ tó kù sí London bọ́ sórí £241.30. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ £11.05 lọ́sẹ̀, £574.60 lọ́dún, ti ọdún kìíní péré nìyẹn; ọdọọdún ni yóò máa fẹ̀ sí i. Tí ó bá lọ kí àwọn ọmọ ní London, ó lè béèrè iye tuntun fún ìwọ̀nba àkókò tó lò níbẹ̀. Tí ó bá padà sílé, owó á tún sọ̀ kalẹ̀.

Àfikún owó tí wọ́n ń fún àgbà tí owó rẹ̀ kéré, ìrànlọ́wọ́ owó ilé, ti ìtọ́jú ara àti ti iná ọyẹ́, ìkankan nínú wọn kì í bá a dé Ìjẹ̀bú. Nítorí náà, ẹni tó ń gbé ní ilé kánsù, tó jẹ́ pé àfikún ló ń gbé e ró, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tì í wálé láìṣe ìṣirò. Ẹni tó ní owó iṣẹ́ tirẹ̀ lẹ́yìn ti ìjọba ni nǹkan rọ̀ lọ́rùn. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń fi ìwé ránṣẹ́ kí ẹlẹ́rìí bu ọwọ́ lù ú pé onítọ̀hún wà láàyè. Tí ìwé náà kò bá dé ọwọ́ wọn padà, wọ́n lè dá owó dúró. Àdírẹ́sì ilé wa sì ni ẹ mọ̀: "ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, géètì aláwọ̀ ewé". Ẹ lo àpótí ìfìwéránṣẹ́, tàbí àdírẹ́sì ọ́fíìsì ọmọ tí ẹ fọkàn tán.

Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà yóò máa gba Social Security rẹ̀, ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì ìjọba, ní Ìjẹ̀bú, pẹ̀lú àfikún ọdọọdún, bí ó bá ń dá ìwé ìbéèrè wọn padà lásìkò. Medicare, ètò ìlera àwọn àgbà, ni kì í sọdá òkun. Ọ̀pọ̀ á sì fa Part B, apá rẹ̀ tó ń san owó dókítà, já kí wọ́n lè ṣọ́ owó ná. Tí àìsàn bá gbé wọn padà lọ, wọ́n á rí i pé wọ́n ti fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún owó tí wọn yóò máa san, fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí wọn kò fi ní in, kì í sì í kúrò níbẹ̀.

Ìwé ìgbélùú náà ń bẹ. Ẹni tí kò tíì di ọmọ ìlú Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ àṣẹ ìgbé láìlópin ló ní, yóò pàdánù rẹ̀ bí ó bá wà níta fún ọdún méjì gbáko. Ẹni tó ní gíríìnkáàdì tó kúrò ní Amẹ́ríkà ju ọdún kan lọ lè rí ìjà ní pápákọ̀ òfurufú. Kí ó gba ìwé àṣẹ ìpadàwọlé kó tó jáde, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń béèrè fún un. Ẹni tó ti gba ìwé ọmọ ìlú níbẹ̀ kò pàdánù tilé: òfin 1999 gba ọmọ bíbí Nàìjíríà láàyè láti ní méjèèjì.

Ara

Èyí tó ń pa àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni ibà. "Ibí yìí ni wọ́n bí mi sí, kí ni ẹ̀fọn lè ṣe fún mi?" Lóòótọ́ ni ara rẹ̀ mọ ibà nígbà tó wà lọ́mọdé. Ṣùgbọ́n ààbò yẹn ń lọ tí ènìyàn bá pẹ́ ní ìlú tí kò sí ibà, lẹ́yìn ogójì ọdún ó yẹ kó kà á sí pé kò sí mọ́. Àgbà tó ní ìtọ̀ ṣúgà tí ibà mú lè dákú láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Kí ó bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa oògùn ìdènà ibà kó tó wálé, kí nẹ́ẹ̀tì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́jọ́ tí ara bá kọ́kọ́ gbóná, kì í ṣe lọ́jọ́ kẹta tí àgbo kò ṣiṣẹ́. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú tún ń fẹ́ ìbéèrè fún ẹni tó ti lé ní 60 tí kò gbà á rí, torí ewu rẹ̀ ga díẹ̀ fún wọn; dókítà ni yóò pinnu, kì í ṣe ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì.

Ínsúlínì tí wọn kò tíì ṣí ń fẹ́ òtútù dígírì 2 sí 8. Èyí tí wọ́n ti ṣí lè wà níta fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, bí yàrá kò bá ju 25 tàbí 30 lọ, ó kù sí irú rẹ̀. Yàrá onípáànù ní oṣù Kẹta máa ń kọjá ìyẹn ní ọ̀sán. Ìdí nìyí tí fíríìjì fi wà nínú ìṣirò iná tí a ṣe lókè. Omi tútù kọ́.

Fún ìpàjáwìrì, ẹ má sọ pé ọsibítù wà. Ẹ béèrè èyí tó ní ẹ̀rọ ayàwòrán ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́ lóru. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí ọ̀nà ọpọlọ, oògùn tó ń tú u wúlò láàárín wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ sí ìgbà tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ fún un láìyàwòrán kọ́kọ́. Ọsibítù ìjọba wà nínú ìlú, ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ṣàgámù, kò dín ní 30 kìlómítà. Kí ẹnìkan fi ọkọ̀ rìn ín ní agogo mẹ́jọ alẹ́, kó ka ìṣẹ́jú, kó kọ ọ́ sára ìlẹ̀kùn fíríìjì pẹ̀lú nọ́ńbà awakọ̀ méjì. Ẹni tó ń fọ kídìnrín ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, àwa kò ní gbà á níyànjú pé kó kó wálé títí ìlú yóò fi lè fi ibi tí yóò ti máa ṣe é, tí kò ní í bàjẹ́, hàn án.

Ọ̀nà ti dára sí i lápá kan. Kìlómítà 14 tí Ìjọba Ògùn tún ṣe láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kìíní 2022, ti mú ọmọ tó ń gbé Lẹ́kì sún mọ́ ìyá rẹ̀. Ọmọ tó lè dé lọ́jọ́ Sátidé kó padà lọ́jọ́ Sátidé ṣe pàtàkì ju ọ̀pọ̀ ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ lè ṣèlérí lọ.

Ìyàwó

Nínú ìdílé tí ọkọ ń fẹ́ bọ̀, ìyàwó ló sábà máa ń sọ pé rárá, àwọn ọkùnrin sì máa ń pè é ní ọ̀rọ̀ obìnrin. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà ní London, òun ló ń mú wọn láti ilé ẹ̀kọ́. Bí kò bá jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, tó jẹ́ ará Ondó tàbí Ìjẹ̀ṣà, ọkọ ní ẹgbẹ́ tó ń dúró dè é, òun ń wá sáàárín àwọn ẹbí ọkọ. Ó sì mọ ẹni tí yóò máa gbé oúnjẹ fún àlejò tó ń wá kí "Bàbá London" láti àárọ̀. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kí ọkọ dúró gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá ìyàwó sọ̀rọ̀, kí Gíwá obìnrin fúnra rẹ̀ pè é, kó béèrè ohun tó ń fẹ́. Kí wọ́n gbà pé yóò máa lọ sí London ní oṣù mẹ́rin lọ́dún, kí wọ́n má kà á sí ẹ̀ṣẹ̀.

Àlejò náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, gbogbo ẹni tó nílò owó ilé ẹ̀kọ́, owó oògùn àti owó ìkómọ yóò ti gba ẹnu géètì kọjá. Àgbà tí kò bá ní iye kan pàtó tó yà sọ́tọ̀ lóṣooṣù fún un, yálà á tán, yálà á sá. Kí ó fi iye náà sí ọwọ́ ẹnìkan nínú ẹbí, kí ẹni yẹn máa pín in, kí òun máa sọ pé "ẹ lọ rí Bùọ̀dá".

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà

Ohun tí a rò pé ó yẹ kí régbérégbé kọ̀ọ̀kan gbìyànjú kò tó nǹkan ní owó. Kí akọ̀wé yọ ìwé kan tó ní òpó mẹ́jọ: orúkọ, àdúgbò ìdílé bóyá Ìwàdé, Pòrógun tàbí Ìjàsí, ipò ilé, orílẹ̀-èdè tí owó ìfẹ̀yìntì ti ń wá, irú ìwé ìgbélùú, àìsàn tó ń lo oògùn sí, ohun tí ìyàwó tàbí ọkọ sọ, àti ẹni tí yóò máa tọ́jú wọn. Òpó tó kẹ́yìn ni ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ó bá ṣófo, ẹ má tíì pe ẹni náà.

Nínú àwọn tó kù, kí wọ́n yan ilé mẹ́ta péré lọ́dún kìíní, kí wọ́n sì ní kí wọ́n wá gbé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìṣe ìpinnu kankan. Kí ó má jẹ́ oṣù Kejìlá, torí oṣù Kejìlá ń parọ́: gbogbo ènìyàn wà nílé, ojú ọjọ́ tutù, òrùlé kò jò. Kí ó má sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ Iléyá. Ojúde Ọba bọ́ sí 18 oṣù Kẹfà ní 2024 àti 8 oṣù Kẹfà ní 2025, ó ń fi bí ọjọ́ 11 sún síwájú lọ́dọọdún, nítorí náà ẹ wo kàlẹ́ńdà kí ẹ tó mú ọjọ́. Oṣù Keje dára: òjò á dán òrùlé àti ihò ṣaláńgá wò, ẹ̀fọn á dán nẹ́ẹ̀tì wò, ìlú á sì dákẹ́ bó ṣe máa ń dákẹ́.

Kí wọ́n pín ọ̀sẹ̀ láàárín ọmọ ẹgbẹ́ tó wà nílé. Ẹnìkan á yà wá ní ọjọ́ Ajé, ẹlòmíràn ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀kan á mú wọn lọ sí ibi àpèjẹ lọ́jọ́ Sátidé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọ̀pọ̀ máa ń rẹ̀wẹ̀sì, nígbà tí àlejò ti dínkù tí iná sì ti lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni kí Gíwá fúnra rẹ̀ wá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, kí ọkọ àti ìyàwó jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pẹ̀lú ẹni tí wọ́n fọkàn tán, kí wọ́n sọ ohun tí ara wọn kò gbà. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹgbẹ́ tún èyí tí agbára wọn ká ṣe kí wọ́n tó padà wá lẹ́ẹ̀kejì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì dé, kí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ kejì ti ṣí géètì láti àárọ̀. Kí fíríìjì ti tutù, kí omi ti kún táńkì, kí ẹnìkan ti gé koríko kúrò lójú ọ̀nà ẹ̀yìn, kí ìkọ́kọrẹ́ wà nínú ìkòkò. Kí ọ̀rá dúdú ti kúrò lára àgádágodo, kí ẹni tí yóò kọ́kọ́ kan ìlẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́ sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wọn.